Àìsàn ni dépression, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà

Bí ibà bá mú èèyàn ní Kétu, ní Idigny tàbí ní Adakplamè, kò sẹ́ni tó máa bú u. Wọ́n á wá zémidjan gbé e lọ sí centre de santé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, tí kò lọ oko mọ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn míì á ní èpè ló ń jà á, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Aláìsàn náà á sì máa gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní dépression lédè Faransé, tí àwa lè pè ní ìsoríkọ́ tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìsàn ni. OMS, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé àwọn tó ní in láyé ju mílíọ̀nù 280 lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìbànújẹ́ ni ìsoríkọ́ o. Bí èèyàn wa bá kú, a máa ń sunkún. Bí òjò ò bá rọ̀, tí àgbàdo gbẹ sóko, inú wa á bàjẹ́. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Bó bá yá, a ó tún rẹ́rìn-ín. Ti ìsoríkọ́ yàtọ̀. OMS ní ká wo ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ẹni náà kò dùn láti àárọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́, tàbí tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí oúnjẹ ò wù ú, tí ara rẹ̀ kò lókun, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ṣáá, ẹ má dúró mọ́.

Lọ́dọ̀ wa, àìsàn yìí tún mọ bí a ṣe ń fara pamọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ pé inú mi bàjẹ́. Wọ́n á ní orí mi ń gbóná, àyà mi ń já, ara ń ro mí, nǹkan kan ń rìn lára mi. Wọ́n á gba oògùn palu lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Owó ń lọ, àìsàn ò lọ. Àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà wà nínú ewu: OMS ní nínú obìnrin mẹ́wàá tó lóyún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ju ẹyọ kan lọ tó ń ní in. Ẹ má bú ìyá tí kò lè yọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀.

Àwọn kan ní àìsàn òyìnbó ni. Irọ́ ni. Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọmọ Abẹ́òkúta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní 1954, òun àti Alexander Leighton ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n wọ àwọn abúlé Yorùbá lọ ṣe ìwádìí. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí àmì ìsoríkọ́ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará abúlé kò ní orúkọ kan tí wọ́n fi ń pè é. Àìsàn wà, orúkọ ni kò sí.

Ẹ wo Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin bíi tiwa. Ó ń tún táyà ṣe ní Bouaké ní Côte d'Ivoire, ó rí ṣe, ó ra takisí. Nígbà tí òwò dẹnu kọlẹ̀, ìsoríkọ́ mú un débi pé ó rò ó láti pa ara rẹ̀. Ó bọ́ níbẹ̀. Òun ló wá dá àjọ Saint Camille sílẹ̀, tó ń tú àwọn aláìsàn ọpọlọ kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó sì ń tọ́jú wọn. Ní Benin níbí, wọ́n ní ilé ní Avrankou, Calavi, Bohicon àti Djougou. Ṣé ọ̀lẹ ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn?

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró ni ìtìjú. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá rí àwọn ní Jacquot ní Cotonou, wọ́n á pe àwọn ní wèrè. Ìsoríkọ́ kì í ṣe wèrè. Dókítà lè wò ó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì lè fi oògùn kún un. Oògùn yẹn máa ń pẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà kí aláìsàn má fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, kí ó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ara bá yá. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, kó máa gbà á, àmọ́ kí àdúrà má dí ọ̀nà ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. A máa ń pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bí ẹni tó ti rẹ̀wẹ̀sì bá sọ ọ́, ẹ má kà á sí òwe. Ẹ bi í léèrè gbangba bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò ní kó èrò náà sí i lórí. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn oko kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ sì tẹ̀ lé e lọ bá infirmier lọ́jọ́ náà gan-an.