Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín lọ́wọ́, ẹ má fi wákàtí 72 sunkún

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí télọ̀ fi ń ránṣọ o. Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń gún aláìsàn ni, èyí tí wọ́n ti lò tán, tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì wà lẹ́nu ẹ̀, tó wá lọ gún ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ta ló máa ń gún? Agbálẹ̀ ọsibítù tó ń di ẹnu àpò ìdọ̀tí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní kẹ́míìsì, tó fẹ́ fi ìdérí bo abẹ́rẹ́ padà. Àwọn tó ń ṣa ike àti irin lórí ààtàn. Ẹni tó ń fọ aṣọ aláìsàn. Ọmọ kékeré tó rí síríǹjì he lẹ́yìn ilé, tó fi ń ṣeré. Abẹ́rẹ́ ò mọ olówó, kò mọ tálákà.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹ jẹ́ ká mú agbálẹ̀ kan. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ó ń di àpò ìdọ̀tí, ni nǹkan bá ta á lọ́wọ́. Ó wo ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti yọ. Ó wo àpò, abẹ́rẹ́ ló yọrí síta yẹn. Àyà ẹ̀ já. Ó di ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì.

"Màmá, mo gbé o! Abẹ́rẹ́ ti gún mi. Éèdì ti wọ̀ mí lára!"

"Háà! Ọmọ mi, rọra o. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Bí ọ̀gá ẹ bá gbọ́, wọ́n á lé ẹ. Bí ọkọ ẹ bá gbọ́, ó parí nìyẹn. Tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jáde, da karosíìnì sí i, kó o sì máa gbàdúrà."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fẹ́nì kankan o."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó da karosíìnì sí i. Lọ́jọ́ Sátidé, kò lè jẹun. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ń ṣe é bíi pé ara ẹ̀ ń gbóná. Lọ́jọ́ Ajé, ó ń wá agbo kiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló tó láyà láti bá dókítà sọ̀rọ̀. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi í ni pé, "Nígbà wo ló gún yín?" Nígbà tó dáhùn, dókítà mirí. Wákàtí 72 ti pé láti aago 4 ọjọ́ Ajé. Dókítà ò lé e o. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ó sọ ọjọ́ tó máa padà wá fún un. Ṣùgbọ́n oògùn tó yẹ kó lò, àsìkò ẹ̀ ti kọjá.

Ìyá onírẹsì yẹn kì í ṣe ìkà. Ìfẹ́ ló fi sọ ohun tó mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ 3 tó ṣe pàtàkì jù ti bá ẹkún lọ.

Kí ló wà nínú wákàtí 72 yìí gan-an? Bí kòkòrò HIV bá wọnú ara, kì í gba gbogbo ara lójú ẹsẹ̀. Ó ń fẹ́ àyè díẹ̀ kó tó fìdí múlẹ̀. Láàárín àsìkò yẹn, oògùn wà tó lè dí i lọ́nà. PEP ni wọ́n ń pè é. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó: kéèyàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ sígbà tí abẹ́rẹ́ gún un, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Ọjọ́ 28 gbáko ni wọ́n ń lò ó, láìfo ọjọ́ kan. Ó lè fẹ́ mú èèyàn bì, ó lè mú kó rẹ èèyàn, kí orí fọ́. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kó padà lọ sọ fún dókítà. Kó má fúnra ẹ̀ dá a dúró.

Ìwádìí kan jáde lọ́dún 1997 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù tí abẹ́rẹ́ gún ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Oògùn kan ṣoṣo ni púpọ̀ wọn lò nígbà yẹn, síbẹ̀ ó dín ewu HIV kù ní nǹkan bí 8 nínú 10. Lónìí, oògùn 3 ni wọ́n sábà máa ń pa pọ̀.

Ẹ̀rù pàápàá ní ìwọ̀n. Bí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV bá gún 1,000 èèyàn, tí wọn ò lo oògùn kankan, nǹkan bí 3 nínú wọn ló máa kó o. Àwọn 997 tó kù ò ní kó o. Kì í sì í ṣe gbogbo abẹ́rẹ́ ló ti ara ẹni tó ní HIV wá. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 àgbàlagbà tọ́jọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, nǹkan bí 14 ló ní in. Abẹ́rẹ́ tó ti gbẹ lórí ààtàn, ewu HIV tiẹ̀ tún kéré sí i. Ẹ ò wá ní torí ìyẹn jókòó sílé o. Ẹni tó wà nínú àwọn 3 yẹn ò mọ ara ẹ̀ lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ gún un.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì rántí ni àrùn mẹ́dọ̀wú irú B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Éèdì nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ mẹ́dọ̀wú yìí ń ràn ju HIV lọ fíìfíì lẹ́nu abẹ́rẹ́. Nínú 1,000 tí kò gba àjẹsára, ó lè mú láti 60 dé 300. Kòkòrò ẹ̀ lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Àjẹsára ẹ̀ wà, wọ́n sì lè fún èèyàn lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti gún un, bó bá tètè dé. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi í kún àwọn abẹ́rẹ́ tí ọmọ ọwọ́ ń gbà, nítorí náà ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò gbà á rí.

Ohun tó yẹ kéèyàn ṣe rèé. Kó fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Kó má tẹ̀ ẹ́, kó má fẹnu fà á, kó má fi bílédì la á, kó má da karosíìnì, ògógóró tàbí bílíìsì sí i. Ìyẹn kàn ń dá kún ọgbẹ́ ni. Kó sọ fún ọ̀gá ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì gba ọsibítù ìjọba tó ń tọ́jú HIV lọ, ì báà jẹ́ òru, ì báà jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn mọ UCH, ará Èkó mọ LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kó sọ ọ́ ṣàkó pé, "Abẹ́rẹ́ gún mi, PEP ni mo bá wá." Bó bá ṣeé ṣe láti mọ aláìsàn tí wọ́n lo abẹ́rẹ́ náà fún, kó sọ ọ́ fún dókítà nìkan.

Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, àti lẹ́yìn oṣù 3. Títí ìgbà yẹn, kí tọkọtaya lo rọ́bà, kó má sì fẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Bí kò bá sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é? Abẹ́rẹ́ ló gún un, kì í ṣe pé ó jalè.

Ìtìjú yìí, orúkọ ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1986 tí wọ́n kéde àwọn tó kọ́kọ́ ní in ní Nàìjíríà, kò tíì sí oògùn fún un rárá, ni wọ́n bá ń pè é ní àrùn kògbóògùn. Orúkọ yẹn ti di ti àtijọ́. Òótọ́ ni pé wọn ò tíì rí oògùn tó ń lé e kúrò lára pátápátá, ṣùgbọ́n èyí tó ń so ó mọ́lẹ̀ wà. Ẹni tó ń lò ó dáadáa lè dàgbà dogbó, kó bímọ tí kò ní i. Láti 2006 sì ni oògùn náà ti di ọ̀fẹ́ ní ọsibítù ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó káàdì tàbí ti àyẹ̀wò míì lè wà. Òfin ọdún 2014 sì sọ pé agbanisíṣẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ lé èèyàn nítorí HIV.

Àwọn kan tún wà, wọ́n ti lo oògùn tán, àyẹ̀wò oṣù 3 ti ní kò sí nǹkan kan, síbẹ̀ wọn ò sùn. Ibà díẹ̀, wọ́n á ní òun ló dé yẹn. Ara yún wọn, wọ́n á ní òun náà ni. Wọ́n ń ṣàyẹ̀wò láti ọsibítù dé ọsibítù, owó ọjà ń bá a lọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá àyẹ̀wò ẹ̀ ti parí. Bó bá ní ó ti parí, kó gbà á gbọ́. Bọ́kàn ẹ̀ ò bá ṣì balẹ̀, ìbẹ̀rù yẹn fúnra ẹ̀ ni kó sọ fún dókítà, ìtọ́jú wà fún òun náà.

Ẹ̀yin ọlọ́sibítù àti oníkẹ́míìsì, ẹ má dé ìdérí padà mọ́ abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ti lò. Inú àpótí líle ni kó bọ́ sí, kì í ṣe inú ọ̀rá. Ẹ fún agbálẹ̀ ní ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Alátọ̀gbẹ tó ń gún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́ nílé, kó máa jù ú sínú gálọ́ọ̀nù líle tó ní ìdérí.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà sì rèé, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń sá wá. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá mú ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ gún wá bá yín, ẹ má ṣe ní kó dákẹ́. Ẹ bi í pé, "Nígbà wo ló gún ẹ?" Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọjà lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kẹ́ ẹ bá a wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.