Olúwéré àti Èèpo Igi Lọ́jà Arzèkè

Àwọn tí ń wé aṣọ funfun mọ́ ìdí ìrókò kì í bọ igi lásán, nítorí olúwéré, ìyẹn ẹ̀mí tí wọ́n gbà pé ó ń gbé inú rẹ̀, ni ẹbọ wà fún. Lọ́dún 2012, ìjọba Benin fi àṣẹ dáàbò bo igbó òrìṣà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìdí àtẹ ẹlẹ́wé lọ́jà Arzèkè ní Parakou, níbi tí èèpo igi wà ní ìdì-ìdì, àṣẹ kò lè ṣe iṣẹ́ ìbẹ̀rù òrìṣà, torí abọ̀rìṣà a tọrọ àyè kí ó tó bó díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ ẹni tí owó ń lé (ìbáà jẹ́ oníṣègùn) a bó o yíká, igi a sì kú lóòró.