Fíìmù Tí Ẹ Fẹ́ràn Ń Kú Lọ: Ẹ Dìde!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin tí ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lókè àjà, nínú páálí tí eku ń jẹ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Fíìmù Yorùbá ń kú. Kì í ṣe lọ́la. Ó ń kú lọ́wọ́ báyìí, nínú ilé yín.

Ẹ fà á jáde, ẹ wò ó. Ṣé ẹ rí ohun funfun tó hù sára téèpù yẹn? Òun ló ń jẹ ẹ́. Àwòrán tí ẹ rò pé ó wà níbẹ̀ ti ń ṣí dànù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tí yóò gbé e ńkọ́? Láti ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ Funai ní Japan, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò, ti pa iṣẹ́ náà tì.

Ti sinimá àtijọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá ike fíìmù tí wọ́n fi ya Ayé ti Ògúǹdé àti Ìjà Òmìnira ti Adé Love. Ooru àti ọ̀rinrin ló sì kún ilẹ̀ wa. Bó bá ti ń bàjẹ́, yóò máa ta sánsán bí ọtí kíkan. Yóò sún kì. Yóò ká kò. Àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá. Èyí tó ti ń rùn a sì máa ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí òórùn yẹn bá ti kàn yín nímú, àkókò ti ń lọ!

Ẹ ń fi fíìmù Àjàní Ògùn ọdún 1976 yangàn. Mélòó nínú yín ló ti fojú rí i?

Ẹ wo Shaihu Umar, fíìmù Hausa tó jáde ní 1976 kan náà. Àwọn èèyàn ti gbà pé ó ti sọnù. Inú ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos ni wọ́n ti padà bá a, wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì gbé e hàn ní Berlin ní 2018. Wọ́n wá a ni wọ́n ṣe rí i. Ta ló ń wá tiyín?

Ẹ má sọ pé ó wà lórí YouTube. Ẹ̀dà ẹ̀dà ni ẹ ń wò níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ohùn kò bá ẹnu mu. Wọ́n ti gé ibì kan fò. Ọjọ́ tó bá sì wu ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló lè yọ ọ́.

Mo sọ ọ́ láìfòyà: Ṣaworoidẹ ni fíìmù Yorùbá tó dára jù tí mo tíì wò. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́, Túndé Kèlání darí rẹ̀, ó jáde ní 1999. Ẹ rántí Lápìtẹ́, ọba inú rẹ̀, tó kọ gbẹ́rẹ́ nítorí pé ó fẹ́ jẹ ìlú run. Ẹ rántí Lágàtà tó fi ìbọn gba adé, tí ìlù sì pa á. Ẹ rántí Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Bàbá Ọ̀pálábà, tí òwe rẹ̀ ń gún ìkà lọ́kàn. Ẹ rántí fíìmù Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ọdún 1993, níbi tí ìjòyè ti ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìkìlọ̀ ni gbogbo wọn.

Bí wọ́n bá kú, kí ni àwọn ọmọ yín yóò fi mọ sinimá Yorùbá? Eré tí wọ́n pín sí mẹ́ta, tí ìtàn rẹ̀ kò tó ọ̀kan. Eré tí ọfọ̀ kún inú rẹ̀, tí ọgbọ́n kò sí níbẹ̀. Eré tí orin bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Mò ń wò wọ́n, ó ń dùn mí. Bí kò bá sí ojúlówó tí a ó fi wọ̀n wọ́n, àwọn ọmọ yóò gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé Bàbá Sàlá. Fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, jáde ní 1982. Àwọn olè ṣe ayédèrú rẹ̀ sórí fídíò, gbèsè sì wọ àgbà òṣèré náà lọ́rùn. Aráàlú ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn kò bìkítà. Àìbìkítà kan náà ló tún ń pa fíìmù lónìí!

Ó yá, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì kúrò níbi tó móoru. Ẹ gbé e dúró síbi tó tutù, tó sì gbẹ. Èyí tí nǹkan bá ti hù sí lára, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ, ó lè já. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ bí a ṣe ń nù ún, tó sì mọ bí a ṣe ń gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n má gbé ilé kan náà. Ẹ má tà á: ẹ wá ẹni tó ni ín, ẹ fún un ní tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ àwọn òṣèré àtijọ́, ẹ wọ yàrá bàbá yín. Ẹ má da agolo fíìmù kankan nù. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí i lára. Ẹ kàn sí ilé ìpamọ́ ní Jos.

Ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, fíìmù tó bá sì ti kú, kò sí ẹni tó lè jí i. Ẹ gbé e jáde lónìí!