Àpò Tó Fúyẹ́ Kò Ní Kí A Má Rí Puebla

Ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ti olówó nìkan ni kí ènìyàn máa wo ìlú onílùú. Lóòótọ́, owó ọkọ̀ òfurufú dé Mẹ́síkò kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ bá gbé ọmọ wa débẹ̀, kí ó má ṣe jókòó sínú yàrá nítorí pé àpò rẹ̀ fúyẹ́. Bọ́ọ̀sì láti olú-ìlú yóò gbé e dé Puebla ní nǹkan bí wákàtí méjì.

Ọdún 1531 ni àwọn ará Sípéènì tẹ ìlú náà dó. Wọ́n la àwọn òpópónà rẹ̀ tààrà bí ìlà inú ìwé, nọ́ńbà ni a sì fi ń pe ọ̀pọ̀ wọn lónìí. Ẹni tó bá mọ òǹkà kò nílò afinimọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó o.

Ẹ̀gbẹ́ gbàgede àárín ìlú ni Kátídírà wà, èyí tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1649. A kì í san owó kí a tó wọlé gbàdúrà níbẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni ilé ìkàwé Palafoxiana. Ní 1646, Bíṣọ́ọ̀bù Juan de Palafox fi ìwé tirẹ̀ 5,000 tọrẹ, ó sì ní kí ilẹ̀kùn ṣí fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà, kì í ṣe fún àwọn àlùfáà nìkan. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò: ìwé tí a tì mọ́ inú àpótí kò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Santo Domingo, yàrá àdúrà Rósárì tí wọ́n parí ní 1690 ń dán fún wúrà láti ara ògiri dé òrùlé. Kí a wò ó, kí a sì tún béèrè ọwọ́ tó ṣiṣẹ́. Àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Analco, èyí tí í ṣe “òdìkejì odò” ní èdè Nahuatl. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ìkọ́lé ìlú náà ń gbé. Wọ́n kọ́ ìlú tán, òdìkejì ni wọ́n ń sùn.

Bọ́ọ̀sì kékeré ń lọ sí Cholula, kò jìnnà. Ohun tó dà bí òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá wa Màríà wà lórí rẹ̀ kì í ṣe òkè rárá. Pírámídì ni, bíríkì amọ̀ ni àwọn baba ńlá wọn fi kọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bí 400 mítà. Ní 1519, àwọn ọmọ ogun Cortés pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú yìí. Ọ̀fẹ́ ni gígun orí rẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún kí ó mọ ohun tí òun tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ó sì dé Tonantzintla nítòsí, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ọmọ onílẹ̀ ti fi ojú ara wọn ya àwọn áńgẹ́lì sára ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò jẹ́ kí a pa wọ́n rẹ́ tán.

Ní ti oúnjẹ, ọjà ni kí a lọ. Ọbẹ̀ mole, tí wọ́n fi ata, èso lílọ̀ àti kòkó díẹ̀ sè, bá tòlótòló mu. Àgbàdo tí à ń fi ṣe ẹ̀kọ nílé wa, ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti kọ́kọ́ wá.

Ìmọ̀ràn díẹ̀: àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan máa ń tìlẹ̀kùn lọ́sàn-án, nítorí náà kí a tètè jí. Ọ̀fẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ní ọ̀pọ̀ mùsíọ̀mù ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ti ará Mẹ́síkò àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Kí àlejò béèrè kó tó tò. Bí Mísà bá ń lọ lọ́wọ́, kí a má gbé kámẹ́rà rìn kiri.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí olúkúlùkù rìn ní ìwọ̀n owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó la ojú rẹ̀ dáadáa.