Òkú Ọkùnrin Kì Í Ṣe Òmìrán Tí Ó Ń Sùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó wo àwọn ọkọ̀ akérò tí ó ń tò tẹ̀lé ara wọn nígbà oòrùn ní ojú ọ̀nà tóóró tí ó yí Ceann Sléibhe ká, ní ìpínlẹ̀ Kerry, ní ìpẹ̀kun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Írẹ́lándì. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní ọwọ́ òsì wọn, òkè aláwọ̀ ewé sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Láàárín òkun náà, erékùṣù kan nà gbalaja bí ẹni tí a tẹ́ sílẹ̀, tòun ti orí, àyà, ikùn àti ẹsẹ̀. Afinimọ̀nà yóò ní Òmìrán Tí Ó Ń Sùn nìyẹn. Wọn yóò ya fọ́tò, ọkọ̀ yóò sì tẹ̀ síwájú.

Àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kò pe erékùṣù yìí ní òmìrán, wọn kò sì sọ pé ó ń sùn. An Fear Marbh ni wọ́n ń pè é ní èdè Gaeilge, èyí tí ó túmọ̀ sí Òkú Ọkùnrin. Òkú tí a tẹ́ sójú omi, tí àwọn alààyè ń wò láti ẹnu ọ̀nà wọn lójoojúmọ́: ìran tí ó mọ òkun gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà ikú ni ó lè sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Gaeilge lè ṣe é. Kì í ṣe pé wọ́n ṣì í túmọ̀. Ńṣe ni wọ́n pa á dà, nítorí pé òkú kì í tà lọ́jà bí òmìrán inú àlọ́.

Láti ọdún 2014 ni ilẹ̀ Írẹ́lándì ti so gbogbo etíkun ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ pọ̀ di ọ̀nà ìrìn-àjò afẹ́ kan ṣoṣo tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 2,500. Wild Atlantic Way ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni pé etíkun ẹhànnà ni, tí ènìyàn kò tẹ̀ rí. Orúkọ yìí gan-an ni ẹ̀sùn àkọ́kọ́. Etíkun tí gbogbo àpáta, gbogbo ihò òkúta àti gbogbo ibi tí ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀ sí ti ní orúkọ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹhànnà. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀ ni ó ń rò bẹ́ẹ̀.

Ahọ́n ilẹ̀ tí à ń sọ yìí ń jẹ́ Corca Dhuibhne, èyí tí ó túmọ̀ sí irú-ọmọ Duibhne. Àwọn òkúta wà níbẹ̀ tí a fi ìlà wẹ́wẹ́ gẹ́ ní etí wọn, èyí tí à ń pè ní ogham, ọ̀nà ìkọ̀wé tí ó pẹ́ jù lọ tí a fi kọ èdè náà. Orúkọ Duibhne yìí kan náà wà lára díẹ̀ nínú wọn, bí wọ́n ti ń pè é ní nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn. Ìlú mélòó ní ayé ni orúkọ rẹ̀, òkúta rẹ̀ àti èdè ẹnu àwọn ará ibẹ̀ ṣì so pọ̀ mọ́ ara wọn báyìí? Síbẹ̀, òkúta nìkan ni wọ́n ń fi han àlejò. Bákan náà ni wọ́n ṣe ilé àdúrà Gallarus, tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ fi òkúta lásán mọ láìlo sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n ń fa òkúta kọ̀ọ̀kan wọnú díẹ̀díẹ̀ títí tí ògiri méjèèjì fi pàdé lókè. Àlejò yóò wọlé, yóò gbójú sókè, yóò jáde.

Ohun tí ó tún burú ju èyí lọ ni ọ̀rọ̀ ilé-ìwé méjì ní abúlé Dún Chaoin. Ní ọdún 1969, àwọn tí wọ́n ń ya fíìmù Ryan's Daughter, tí David Lean darí, wá kọ́ ilé-ìwé kan sí etí òkun níbẹ̀. Ilé-ìwé inú eré ni. Kò sí ọmọ tí ó kọ́ ábídí nínú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1970 tí fíìmù náà jáde, ìjọba ti ilé-ìwé gidi tí ó wà ní abúlé kan náà pa, ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ti ń fi Gaeilge kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀ tó. Àwọn òbí kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ń bá ẹ̀kọ́ lọ láìgba àṣẹ, títí tí ìjọba mìíràn fi gorí oyè ní 1973 tí wọ́n sì dá ilé-ìwé náà padà fún wọn. Lónìí, àwókù ilé-ìwé inú eré ni àlejò ń bèèrè ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbọ́ nípa èkejì rí.

Bí a bá wá sọ pé ìjọba ló yẹ kí ó gba èdè là, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìjọba ṣe. Òfin àwọn èdè ìjọba ti ọdún 2003 fún mínísítà ní agbára láti pàṣẹ orúkọ ibi gbogbo ní Gaeltacht, ìyẹn àwọn àgbègbè tí òfin kà sí ibi tí Gaeilge ti jẹ́ èdè àwùjọ. Àṣẹ jáde ní 2004, ó sì di òfin ní 2005: ìlú tí gbogbo àlejò mọ̀ sí Dingle di An Daingean. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì pòórá lára pátákó ojú pópó. Inú bí àwọn onílé ìtura àti àwọn oníṣòwò. Wọ́n ní àlejò kò ní mọ ibi tí òun ń lọ, wọ́n sì ní ìlú mìíràn tí ó ń jẹ́ Daingean wà ní ìpínlẹ̀ Offaly. Àwọn kan kùn pátákó pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, àwọn ará ìlú dìbò: ènìyàn 1,005 ní Dingle àti Daingean Uí Chúis ni àwọn fẹ́, 70 péré ni ó lòdì sí i. Òfin mìíràn fi àṣẹ sí i ní 2011.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ka ìbò yìí sí ọ̀tẹ̀ sí Gaeilge. Wọn kò wò ó dáadáa. Daingean, odi, ni orúkọ tí àṣẹ gbé wá; Daingean Uí Chúis, odi ìdílé Ó Cúis, ni ìran àtijọ́ ń sọ. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ń bú pé owó nìkan ni wọ́n ń lé ni ó dá apá orúkọ tí ó ní ìtàn nínú padà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Láti Dublin ni wọ́n ti sọ ọmọ yìí lórúkọ láìwo ilé. Ẹni tí ó ń gbé Èkó tí ó sì ń kọ Lagos sí ẹ̀yìn lẹ́tà kò ní ṣàìmọ̀ pé orúkọ méjì lè gbé lẹ́nu kan náà. Àṣìṣe wọn wà níbòmíràn: ìgbà tí orúkọ ìlú fi di ohun tí à ń jà sí nítorí ọjà rẹ̀, àti ẹni tí ó ṣẹ́gun àti ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ti gbà pé àlejò ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń gbè sẹ́yìn ìrìn-àjò afẹ́ ní ìdáhùn kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní kí a wo An Blascaod Mór, erékùṣù tí ó kọjú sí Dún Chaoin. Gaeilge tí ó dán mọ́rán ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Tomás Ó Criomhthain ti gbé An tOileánach jáde ní 1929, tí Muiris Ó Súilleabháin gbé Fiche Blian ag Fás jáde ní 1933, tí Peig Sayers sì sọ ìtàn ayé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1936. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti Norway àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn apẹja láti kọ́ èdè. Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ sí Springfield ní Massachusetts. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú ní ìgbà òtútù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 1946, nítorí pé ìjì kò jẹ́ kí dókítà rékọjá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1953, ìjọba kó àwọn tí ó kù kúrò. Ìwé kò bọ́ ènìyàn, wọ́n ní. Owó àlejò ni ó ń bọ́ ọ.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni owó náà ń bọ́, níbo sì ni onítọ̀hún ń sùn? Ilé tí ìdílé ọ̀dọ́ ìbá gbé ti di ilé ìsinmi olówó tí ó ń wá lọ́sẹ̀ mélòó kan lọ́dún, tàbí ilé tí wọ́n ń fi háyà fún àlejò ní alaalẹ́. Tọkọtaya tí ó fẹ́ fi Gaeilge tọ́ ọmọ yóò kó lọ sí ibi tí wọ́n ti lè rí yàrá, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò sì máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ níbẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé nínú àwọn tí ó lé ní 100,000 tí wọ́n ń gbé ní gbogbo Gaeltacht, ènìyàn 20,261 ni ó ń sọ èdè náà lójoojúmọ́ lóde ilé-ìwé. Kò sí pátákó tí ó lè yí iye yìí padà, ìbáà jẹ́ elédè kan, ìbáà jẹ́ elédè méjì.

Nítorí náà, kí àwọn tí ó ń gbowó lórí etíkun yìí dẹ́kun pípe ara wọn ní olùgbàlà èdè títí tí wọ́n yóò fi san nínú owó náà fún ilé. Kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti kọ́ ilé ìsinmi sí Dún Chaoin nígbà tí olùkọ́ ilé-ìwé ibẹ̀ bá ṣì ń wá ilé kiri. Kí afinimọ̀nà sì sọ An Fear Marbh nígbà tí ọkọ̀ bá yí Ceann Sléibhe, kí ó túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti rí, kí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ lè mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.