Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Ti Pọ́n Jù

Ẹni tó bá ń ka ìwé nínú ọkọ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀, kó tètè ṣọ́ ojú ewé rẹ̀ bí wọ́n bá ti kọjá Aṣéjirẹ́. Ìkirè ló kàn, epo dòdò Ìkirè kì í sì í kúrò lára bébà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ìbá dà nù, ni wọ́n po mọ́ ata àti iyọ̀ tí wọ́n fi epo pupa dín títí tó fi dúdú.

Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ìbá fi pamọ́, ló ń mú ìwé ìtàn ayé olórin dùn-ún kà.

Keith Richards, onígìtá ẹgbẹ́ Rolling Stones, ro tẹnu rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 2010: oògùn olóró, ẹjọ́, gbólóhùn asọ̀ òun àti Mick Jagger. Ó tilẹ̀ kọ bí òun ṣe ń se sọ́séèjì pẹ̀lú ọ̀dùnkún gígún síbẹ̀. Ginger Baker náà, onílù rọ́ọ̀kì tó wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971, kọ tirẹ̀ ní 2009.

Tiwa ńkọ́? Carlos Moore, ọmọ Cuba, ló kọ ti Fela ní 1982. Ó gbọ́ tẹnu Fela, ó sì gbọ́ tẹnu àwọn ìyàwó rẹ̀. Ayinla Omowura, olórin àpàlà, kú ní Abẹ́òkúta ní 1980. Ó di 2020 kí Festus Adedayo tó gbé ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ojúlówó Ẹ̀gbá ló fi ń kọrin bú àwọn ọ̀tá rẹ̀!

Èyí tó jọ dòdò jù lọ ni ti Tony Allen, onílù Fela, tí òun àti Michael Veal jọ kọ, tó jáde ní 2013. Allen ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìlù, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Láti 1964 ló ti wà lọ́dọ̀ Fela. Ó bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, àmọ́ kò gbé ọ̀rọ̀ owó mì, ó sì sọ ohun tó mú òun kúrò. Kò sí apohùn tó máa ki ìyẹn mọ́ oríkì.

Nílé níbí, ìtàn olórin sábà máa ń jọ ìwé ètò ìsìnkú: ọdún ìbí, oyè, iye àwo. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó lu àkúbà, tó na agogo, tó wa ọkọ̀ lọ sóde aríyá, ti ń darúgbó. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tó gbé gìtá sá lọ, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lápò àwọn ọmọ wọn. Wákàtí méjì lábẹ́ ibòji ní Apòmù pẹ̀lú irú bàbá bẹ́ẹ̀ tó orí ìwé kan. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ ra dòdò dání. Bàbá á fẹ́ jẹ.