Ẹ Wọ́gi Lé Òfin Tó Sọ Obìnrin Méjì Di Ọ̀daràn

Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí ní Abẹ́òkúta, obìnrin méjì kan wà tí wọ́n jọ ń ránṣọ. Ìyá Rẹ́mọ là ń pe ẹ̀gbọ́n inú wọn. Àǹtí là ń pe èkejì, àwa ọmọdé ò sì mọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Mọ́ṣíìnì wọn dojú kọra lábẹ́ páànù iwájú ilé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gbójú sókè nídìí iṣẹ́, ojú èkejì ni yóò kọ́kọ́ rí. Yàrá kan ni wọ́n ń sùn, ìkòkò kan ni wọ́n fi ń sebẹ̀. Bí Àǹtí bá lọ ra òwú àti bọ́tìnnì ní Ìtokú tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, Ìyá Rẹ́mọ á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á lọ dúró létí gọ́tà, á máa wo ọ̀nà. Ó ju ogún ọdún lọ tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ń rán aṣọ ọdún gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Àwọn ìyá wa rí ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì fi í síbẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti di olóògbé kí òfin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí tó dé. Ikú ló yọ wọ́n nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ka ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin, tàbí obìnrin àti obìnrin, léèwọ̀. Ilé Aṣòfin Àgbà ti fọwọ́ sí i láti oṣù Kọkànlá 2011, Ilé Aṣojú-ṣòfin sì fọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún 2013. Orúkọ tí wọ́n fún òfin náà ló tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n gbọ́ "ìgbéyàwó", wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ pásítọ̀ àti òrùka ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí òfin náà, kí ẹ lọ sí apá ìparí níbi tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé lára ohun tí àwọn fòfin dè ni ètò yòówù tí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì bá ṣe láti jọ máa gbé pọ̀ bí olólùfẹ́. Òrùka ò pọn dandan. Yàrá kan àti ìkòkò ọbẹ̀ kan ti tó. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni. Ẹni tó bá jẹ́rìí sí i tàbí tó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti so ó pọ̀, ọdún 10. Ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún irú wọn tàbí tó bá wọn ṣe ẹgbẹ́, ọdún 10. Ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ní tààrà tàbí láìṣe tààrà, ọdún 10. Kí ni "láìṣe tààrà" yẹn? Òfin ò sọ. Ṣé kí obìnrin bá obìnrin tún gèlè ṣe lóde ìnáwó ni, àbí kó bá a nu òógùn ojú? Ẹni tó wọ aṣọ ọlọ́pàá ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, lójú títì, lóru.

Wọ́n ní àṣà wa ni òfin náà ń dáàbò bò. Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ òfin ṣe rìn. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé lé wa lọ́wọ́ ní 1916, èyí tí apá gúúsù ṣì ń lò ní ọ̀pọ̀ ibi, abala 214 àti 217 ló sọ̀rọ̀ nípa irú nǹkan yìí. Abala 217 dárúkọ ọkùnrin gbangba, kò mẹ́nu kan obìnrin. Bí wọ́n ṣe kọ 214 náà, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin wà nínú rẹ̀ ni. Ní ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ní 1921, àwọn kan gbé àbá wá sílé aṣòfin pé kí wọ́n fi obìnrin kún un, ṣùgbọ́n àwọn olóyè Ilé Aṣòfin Àgbà wọn ní Lọ́ńdọ̀nù dà á nù. Ó túmọ̀ sí pé láti ayé Lugard, nínú gbogbo ohun tí amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa, kò sí ìlà kan tó pe Ìyá Rẹ́mọ àti Àǹtí ní ọ̀daràn. Àwa ọmọ Nàìjíríà la fọwọ́ ara wa kọ ìyẹn, ní 2014. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún mi pé àwọn baba ńlá wa ló fi lélẹ̀.

Kí wá ni òfin náà ti ṣe? Ní 2016, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀. Wọn ò rí ẹnì kan ṣoṣo tí ilé ẹjọ́ fi òfin náà rán lọ sẹ́wọ̀n. Àlọ́nilọ́wọ́gbà ni wọ́n rí, àti ìtìmọ́lé, àti kí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ya bo ẹnì kan kí wọ́n lù ú bí aṣọ òfì. Ní 2018, ọlọ́pàá kó àwọn ọkùnrin tó lé ní àádọ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, l'Ékòó, wọ́n kó wọn síwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì gbé 47 nínú wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2020, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù nítorí pé àwọn tó gbé e wá kò lè bójú tó o dópin. Ẹjọ́ tú ká, orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti bàjẹ́ ládùúgbò.

Ti àwọn obìnrin kì í dé inú ìwé ìròyìn. Àbúrò mi kan sọ èyí fún mi, orí ara rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Ọlọ́pàá tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú. Àbúrò mi gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wọ ṣòkòtò. "Tọ́mbọ́ì ni ẹ́, àbí? Ṣí fóònù ẹ." Ó ń fi àtàǹpàkò ti àwòrán lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: àwòrán ìyá wa nínú aṣọ ìdúpẹ́, àwòrán rísíìtì, títí tó fi dé èyí tí àwọn méjèèjì ti fara ti ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìnlá nìyí o." Wọ́n mú wọn lọ sídìí POS tó wà lábẹ́ agboòrùn níkọjá ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó ń ṣe POS náà ò gbójú sókè. Ó bi wọ́n pé èló, ó ka owó náà, ó nà án sí ọlọ́pàá lọ́wọ́, kò tiẹ̀ nà án sí ẹni tó ni káàdì. Ó mọ bó ṣe máa ń lọ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní orúkọ fún irú ẹ̀tàn kan tó burú jùyẹn lọ: kíto. Ẹnì kan á máa bá ẹ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó fi àdéhùn sí, o débẹ̀, àwọn géńdé mẹ́rin ló dúró dè ẹ́. Wọ́n á gba fóònù, wọ́n á gbowó, nígbà mìíràn wọ́n á fi ipá bá obìnrin lò, wọ́n á ní àwọn ń tún un ṣe ni. Láti 2015 la ti ní òfin ìjọba àpapọ̀ tó gbógun ti ìwà ipá sí ènìyàn, òfin tó dáa ni. Àmọ́ ta ni obìnrin yìí fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn fún? Kó tó sọ bí wọ́n ṣe bà á jẹ́, yóò kọ́kọ́ sọ ẹni tó lọ pàdé. Gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ níwájú ọlọ́pàá ti lè sọ ọ́ di afurasí. Ní South Africa, níbi tí òfin ti gba irú ìgbéyàwó yìí láti 2006, wọ́n pa Eudy Simelane, agbábọ́ọ̀lù tó ti gbá fún ẹgbẹ́ obìnrin orílẹ̀-èdè náà, ní KwaThema ní 2008. Òfin tó dáa ò dá ọwọ́ àwọn apànìyàn dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n mú wọn, wọ́n dá wọn lẹ́wọ̀n, àwọn òbí rẹ̀ sì lè dúró ní gbangba kí wọ́n sọ irú ẹni tí ọmọ wọn jẹ́.

Tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí, èdè Yorùbá ni ìbòrí wọn. Ìyá á tẹ ọmọ láago: "Ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì rẹ?" Ọmọ á ní, "Mo ti rí ẹnì kan, Màámi. Ó ń tọ́jú mi." Inú ìyá á dùn. "Kí ló ń jẹ́?" "Tèmítọ́pẹ́ ni." "Ó ń ṣiṣẹ́?" "Ó ń ṣiṣẹ́." Èdè wa ò ya "ó" ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára "ó" obìnrin, orúkọ wa náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún láìpurọ́. Lọ́jọ́ tí ìyá bá ní kí wọ́n mú ọkọ ìyàwó wálé ni ọ̀rọ̀ yóò bẹ́yìn yọ. Nígbà náà ni àwọn kan á gbà láti fẹ́ ọkùnrin tí wọn ò fẹ́ràn. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ọmọkùnrin yín ni mò ń sọ yẹn o. Òun ni yóò máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sunkún ní bálùwẹ̀, tí kò ní mọ ohun tí òun ṣe.

Kí wọ́n kóra jọ láti ran ara wọn lọ́wọ́ náà ò ṣeé ṣe. Pamela Adie fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin sílẹ̀. Àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ kọ̀, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Abuja sì gbè sí àjọ náà lẹ́yìn ní 2018. Ní 2020, òun ló ṣe agbátẹrù fíìmù kékeré kan tí Uyaiedu Ikpe-Etim darí, "Ìfé", lórí obìnrin méjì. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò halẹ̀ ẹ̀wọ̀n mọ́ wọn.

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ àti ẹ̀yin mùsùlùmí, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, mi ò sì ní fojú di í. Ilé ìjọsìn ni mo ti jáde. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, lẹ ó wí. Panṣágà ńkọ́? Ó wà nínú Òfin Mẹ́wàá. Síbẹ̀ kò sí nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù, kò sì sí pásítọ̀ tó ń lọ sí Abuja láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í síbẹ̀. A fi panṣágà sílẹ̀ fún ìwàásù, fún ẹbí, fún ẹ̀rí ọkàn. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ fi èyí sí. Ẹ wàásù. Ẹ kọ̀ láti so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín, mi ò bá yín jà. Èmi ò bẹ ẹnikẹ́ni nínú ìwé yìí pé kó ṣe ìgbéyàwó fún wọn. Ẹ̀wọ̀n ni mo ní ká mú kúrò.

Àwọn tó ní Òyìnbó ló kó o dé, kí wọ́n ka "She Called Me Woman", ìwé tí ilé iṣẹ́ Cassava Republic tẹ̀ jáde ní 2018. Ìtàn obìnrin 25 ló wà nínú rẹ̀, láti ẹnu wọn, kò sì sí Òyìnbó nínú wọn. Àbí kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí Mẹ̀kọ, kí wọ́n kọjá ẹnubodè sí Kétu. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n níhìn-ín, ọmọ Yorùbá ni wọ́n lọ́hùn-ún, oríkì wọn wọnú ara wọn. Òfin orílẹ̀-èdè Benin kò ka ìfẹ́ láàárín àgbàlagbà obìnrin méjì sí ọ̀ràn. Obìnrin tó jẹ́ ará ìlú lásán ní Kétu á di ọ̀daràn ọdún 14 bó bá rìn dé Mẹ̀kọ. Kétu ò tíì parun. Botswana náà fagi lé òfin tirẹ̀ nílé ẹjọ́ gíga ní 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2021. Angola yọ ọ́ kúrò nínú ìwé òfin wọn.

Ìyá Rẹ́mọ ló kọ́kọ́ kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ṣàgámù, wọ́n ra ańkárá kan náà fún gbogbo ẹbí. Kò sẹ́ni tó ní kí Àǹtí mú tirẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé aṣọ náà wá, pé kó bá àwọn rán an. Ó rán an, òru méjì ló fi rán an. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó wọ búláòsì dúdú kan, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwa aládùúgbò. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n bi í pé mọ́ṣíìnì wo ni ti olóògbé. Ó nàka sí i. Wọ́n gbé e lọ. Ìjókòó onígi tí Ìyá Rẹ́mọ ń lò ṣẹ́ kù síbẹ̀, ó kọjú sí tirẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí tí òun náà fi lọ.

Ohun tí mo ń bèèrè kò ju pé kí irú Àǹtí bẹ́ẹ̀ lónìí lè wọ ọ́fíìsì lọ́yà, kí ó ní kí wọ́n bá òun kọ ìwé ìhágún sílẹ̀ láìbẹ̀rù pé wọn yóò ní lọ́yà náà ràn án lọ́wọ́. Kí àbúrò mi lè wọ kẹ̀kẹ́ lálẹ́. Kí ẹni tí wọ́n fipá bá lò lè sọ òtítọ́ ní tẹ́ṣàn. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí fóònù jẹ́ àṣírí wa. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún wọn náà.

Sẹ́nétọ̀ 18 ló ń ṣojú ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Àbádòfin kan ṣoṣo ló máa wọ́gi lé abala 4 àti 5 nínú òfin 2014 yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wọn sì lè gbé e wá. Ẹ kọ lẹ́tà sí tiyín. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bó bá wù yín. Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ àdúgbò yín, kí ẹ sì sọ fún un nípa àwọn obìnrin méjì tí ẹ̀yin náà mọ̀.